Fèrèsé tí A Ń Gbà Wo Inú Ẹ̀rọ

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí mo ń gbé, kò sí ọdún kan tí òbí kan kì í fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí iwájú ilé mi. Wọ́n á ní, "Bàbá Ràṣídì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wu ọmọ yìí o, ẹ bá wa gbà á nímọ̀ràn." Ohun tí wọ́n ń retí ni kí n sọ pé owó wà níbẹ̀. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó bọ́ mi, ó bọ́ àwọn ọmọ mi, mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ. Ohun tí ó yẹ kí n sọ fún ọmọ náà ni kì í yá mi lẹ́nu lójú àwọn òbí rẹ̀, nítorí náà mo kúkú jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán tí iṣẹ́ yìí ṣì wù ú, kó máa bọ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi, àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ kọ ọnà sí ọrùn agbádá. Ó fẹ́ kí n jókòó ti òun lórí ẹní, ṣùgbọ́n rédíò ni ojú mi ń tẹ̀lé kiri. Nígbà tó rí i pé aṣọ tí mo bá rán, ńṣe ló ń wọ́ bí ẹnu arúgbó, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Aláàbí tí ń tún rédíò ṣe. Ó ní, "Ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, egungun rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dá padà fún mi." Gbogbo òbí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ọ̀gá Aláàbí kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí èèyàn sọ ọ́ fún, nítorí ó gbà á gbọ́.

Ọkùnrin gíga kan ni, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín. Kì í sì í na ènìyàn. Òfin kan ló ní tó ju gbogbo òfin lọ: rédíò kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìjẹ́ pé a ti de ẹ̀yìn rẹ̀ padà, pẹ̀lú gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí oníbàárà bá ń kánjú tí ọmọ iṣẹ́ kan fi nọ́ọ̀tì kan sílẹ̀, Ọ̀gá á rán an lọ gba rédíò náà padà nílé onírédíò, á tú u palẹ̀ pátápátá, á ní kó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Á wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kì í yí padà: "Ibi tí a bá ṣí wò, a ó tì í. Ọwọ́ pọ̀ níta." A máa ń bú u lẹ́yìn. A ní agídí ló fi ń dààmú wa.

Ibẹ̀ ni Fọlọ́runṣọ́ ti wá bá mi. Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni, bàbá rẹ̀ ní oko kòkó níbẹ̀. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, mo tètè gbà bẹ́ẹ̀, a sì dọ̀rẹ́. Bí iná ìjọba bá lọ tó bá ń wá ìṣáná kiri, mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko. Òun náà á ní kí n fi èékánná mi hàn òun, pé aró kì í tán lára ọmọ Òṣogbo. Bí a ṣe lo ìgbà èwe wa nìyẹn. A gba fíríìdọ́ọ̀mù pọ̀, a kò sì lọ. A dúró ti Ọ̀gá, a di mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù kan.

Iṣẹ́ ń yí padà. Rédíò di tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n di ohun tí wọ́n ń jù nù bó bá ti bàjẹ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nǹkan òyìnbó ni, kò ní pẹ́ lọ. Ọ̀gá ra ògbólógbòó kan, ó tú u sórí tábìlì, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ máa bá rédíò rẹ̀ kú, kó máa lọ sílé." Irun rẹ̀ ti ń funfun nígbà náà. A kọ́ ọ tìyàtìyà. Láti irin rẹ̀ la ti wọ inú ètò tí ń darí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n tú síta fún gbogbo ayé kà, tí kò sí olówó kan tó lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wa. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà kéré títí ó fi tó ọṣẹ ìwẹ̀ kan, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú àpótí tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ oríṣiríṣi fún àwọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan, torí láìsí i, ẹ kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ní òde, ó sì ní ìyẹ̀wù. Òde ni àwọn ètò tí ẹ mọ̀ wà, èyí tí ẹ fi ń kọ̀wé, tí ẹ fi ń wo àwòrán. Ìyẹ̀wù là ń pè ní kẹ́nẹ̀lì. Òun ló ń pàṣẹ fún irin àti wáyà, òun ló mọ ìgbà tí fáànù á yí àti ìgbà tí á dúró. Àwọn nọ́ńbà tó fi ń pinnu wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ará òde kì í rí wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ ètò fún ìyẹ̀wù gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀ bí iṣẹ́ bá dojú rú, nítorí náà ni àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣe ṣe fódà kan fún wa tí à ń pè ní dìbọ́ọ̀gì. Bí o bá kọ ìlà kan sínú ètò rẹ, nọ́ńbà ìyẹ̀wù á yọ síbẹ̀ bíi fáìlì kékeré. O ka fáìlì náà, o rí nọ́ńbà. Bí o bá sì fi àyè kíkọ sílẹ̀, tí o kọ nọ́ńbà mìíràn sí i, ìyẹ̀wù á gbà á lójú ẹsẹ̀, kò ní bi ọ́ pé ta ló rán ọ. Fèrèsé ni. Èèyàn lè fi í sílẹ̀ fún wíwò nìkan, èèyàn sì lè fi í sílẹ̀ kí ọwọ́ gba ibẹ̀ wọlé.

Ohun tí a bá gba fèrèsé yìí kọ kì í bá ẹ̀rọ sùn jí. Bí iná mànàmáná bá lọ tí ẹ̀rọ kú, nígbà tó bá tún tàn, nọ́ńbà tí a bí mọ́ ọn ló máa padà sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Fọlọ́ ló mú iṣẹ́ ìsákòkó wá. Kòkó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa ń bọ́ sásìkò òjò, oòrùn kò sì sí láti fi sá a. Àwọn àgbẹ̀ ti ń kọ́ ilé ìsákòkó: igi ń jó nínú ààrò bíríkì lẹ́yìn ilé, fáànù ń fẹ́ ooru rẹ̀ gba abẹ́ àtẹ pákó tí kòkó wà lórí rẹ̀. Àpótí tiwa ló ń ṣọ́ ooru náà. Bó bá ti ju ìwọ̀n ọgọ́ta lọ, fáànù á dúró, ìlẹ̀kùn irin tó wà láàárín ààrò àti yàrá á já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí iná ìjọba bá lọ, bákan náà ló máa ṣe. Ọgọ́ta yìí la fi sí kẹ́nẹ̀lì, kí ètò mìíràn má baà dí i lọ́wọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, a ṣí fèrèsé sí i fún ìdánwò. Bí a bá ti dán an wò tán, Ọ̀gá á ní kí a yọ ìlà náà kúrò, á jókòó ti fódà náà fúnra rẹ̀, á rí i pé ó ṣófo kí àpótí tó jáde. Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rédíò ló tún dé yẹn.

Fọlọ́ ló ń lọ gbé àwọn àpótí náà kalẹ̀, nítorí ìlú rẹ̀ ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á. Mo mọ Bàbá dáadáa. Ó ti ṣe akọ̀wé rí lọ́dọ̀ àwọn tí ń ra kòkó kó tó padà sóko, ó mọ ìwé, orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún. Ó fẹ́ràn àpótí yẹn. Àlejò kan kò lè jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ kó má fi hàn án, á ní, "Ọmọ mi ló ṣe é."

Ọdún kan wá dé tí òjò kò dá. Ọgọ́ta ń gbẹ kòkó, ṣùgbọ́n kò yára tó. Bí a ti ń kó ọ̀kan kúrò lórí àtẹ ni èyí tó wà nílẹ̀ ń bu, kò sì sẹ́ni tí ń ra kòkó tó bu. Bàbá pe ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun fi kún nọ́ńbà náà. Fọlọ́ kọ̀. Bàbá tún pè. Àwọn àbúrò Bàbá náà pè. Nígbà tó yá, Fọlọ́ lọ sílé, ó ṣí fèrèsé náà, ó fi àyè kíkọ sílẹ̀, ó fi kọ̀ǹpútà àgbéká ògbólógbòó kan ti Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ́ ọ ní ìlà kan ṣoṣo tí á máa tẹ̀. Bàbá á tẹ nọ́ńbà náà sí ọ̀ọ́dúnrún tí ooru kì í dé, kí àpótí má baà dá fáànù dúró, á máa fojú ṣọ́ ooru kó má ju àádọ́rùn-ún lọ, bí kòkó bá ti fẹ́ gbẹ á tẹ̀ ẹ́ padà.

Fọlọ́ ní òun bi í pé bó bá gbàgbé ńkọ́. Ó ní ńṣe ni Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí mo bá gbàgbé, àwọn oníná kò ní gbàgbé. Wọn á mú uná wọn lọ, nọ́ńbà á padà sáyè rẹ̀."

Ẹ má yára dá wọn lẹ́bi, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Èwo nínú wa ni kò mọ̀ pé iná kì í pẹ́ kó tó lọ? Iná tí kò sí ọjọ́ kan tí kì í lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ta ló máa rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní lọ? Ó ṣiṣẹ́. Kòkó Bàbá gbẹ, ti àwọn yòókù ń bu. Àwọn ẹbí àti ará tó gba àpótí lọ́wọ́ wa gbọ́, wọ́n bẹ Fọlọ́, ó ṣí tiwọn náà. Kò sọ fún Ọ̀gá, kò sì sọ fún mi. Ìkórè méjì kọjá bẹ́ẹ̀.

Àdúgbò Bàbá ti ń bẹ̀bẹ̀ tiransifọ́má ó ti pẹ́. Ní ìkórè kẹta, wọ́n gbé e dé. Iná dé láàárín ọ̀sẹ̀, kò sì lọ. Wọ́n retí kó lọ, kò lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí iná náà. Yèyé Fọlọ́ wà láàárín àwọn tí ń jó. Orúnkún kò jẹ́ kí Bàbá lọ. Ó koná mọ́ ààrò, ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sókè, ó jókòó sórí àpò kòkó nínú yàrá tó ti àtẹ náà, oorun sì gbé e lọ.

Fáànù ń fẹ́. Kò sí ohun tó dá a dúró. Àtẹ pákó tó ti gbẹ tipẹ́tipẹ́ gbaná. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì rí èéfín, wọ́n rò pé ẹnì kan ló ń jó pàǹtí lóko. Ìgbà tí wọ́n fi dé ibẹ̀, òrùlé ti wó lé Bàbá lórí.

A lọ sìnkú náà, èmi àti Ọ̀gá. Àwọn ará Ìpetu ní iná ààrò ló ta, wọ́n ní kádàrá ni. Àpótí wa ti jóná, kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan. Fọlọ́ kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọ̀gá lójú mi, ó sì sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín yìí. Mo jókòó sílẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Àwọn yòókù tí o ṣí, ṣé wọ́n ṣì ṣí?"

"Wọ́n ṣì ṣí, sà."

"Tiransifọ́má tó dé Ìpetu yìí, ṣé kò lè dé ọ̀dọ̀ tiwọn náà?"

Fọlọ́ ní, "Màá lọ tì wọ́n, sà. Màá ní mo kàn wá yẹ àpótí wò ni."

"Bí o bá tì í láìsọ̀rọ̀, wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn ṣí i. Ọmọ wọn kò ha wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Ẹ̀sà-Òkè tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí? Ohun tó pa Bàbá ni kí o sọ fún wọn, ẹnu rẹ ni kí wọ́n sì ti gbọ́ ọ."

Fọlọ́ kò dìde nílẹ̀. Ó ní, "Màá sọ fún gbogbo ayé, sà. Ẹ ṣàánú mi, ẹ má jẹ́ kí Yèyé mi gbọ́. Òun nìkan ló kù mí kù láyé."

Ọ̀gá wò ó. Omi wà lójú ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn. Ó ní, "Fọlọ́runṣọ́, àárín ayé ni Yèyé rẹ ń gbé." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Mùráínà, tẹ̀ lé e."

Ìrìn yẹn ni mo fi mọ ohun tí iṣẹ́ wa jẹ́. A ń gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé. Bí a bá dé, Fọlọ́ á kí wọn, wọ́n á bá a kẹ́dùn bàbá rẹ̀, wọ́n á gbé omi wá. Á jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Á wá ní, "Èmi ni mo ṣí àpótí Bàbá mi, bí mo ṣe ṣí tiyín. Òun ló pa á." Á so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí, á pa ètò àtijọ́ rẹ́, á fi tuntun sí i, á wá sún sẹ́yìn kí n wò ó. Mo máa ń wo fódà náà, ó máa ń ṣófo. Mo máa ń ní, "Ó ti tì."

Àwọn kan bínú. Àgbẹ̀ kan fi ara bo àpótí rẹ̀, ó ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ti Ìpetu ni uná dúró. Tiwa kì í dúró. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi." Ó pẹ́ kí ó tó gbà. Ìyá arúgbó kan kò bínú rárá. Ó gbá orí Fọlọ́ mọ́ra, ó ń ṣúre fún un pé ó sọ òtítọ́, ó ń pè é ní ọmọ rere. Èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ọ tó ń sunkún bí ọmọdé.

Ilé Yèyé ló fi ṣe ìkẹyìn. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ ní gbogbo abúlé yẹn ti ṣáájú wa dé. Yèyé jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bó obì, kò gbójú sókè. Fọlọ́ dọ̀bálẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀.

Yèyé ní, "Mo ti gbọ́. Má wulẹ̀ sọ ọ́ mọ́."

Ó bó obì kan tán, ó mú òmíràn.

Ó ní, "Bàbá rẹ máa ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní kò sí bàbá mìíràn ní Ìpetu tí ọmọ rẹ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Bí ó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni í máa rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà, nígbà tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń rẹ́rìn-ín."

Gílóòbù tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ń tàn ní ọ̀sán gangan, nítorí kò sẹ́ni tó rántí pa á. Yèyé wò ó. Ó dìde, ó pa á, ó padà wá jókòó.

"Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́, mi ò bá ọ bínú. Ṣùgbọ́n má wá sí ulé yìí mọ́ nígbà tí uná bá wà. Mi ò lè máa rí ọ pẹ̀lú uná yẹn."

Fọlọ́ kò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ta pákó ní Iléṣà báyìí. Èmi àti Ọ̀gá bá iṣẹ́ lọ títí Ọ̀gá fi kú, Ọlọ́hun kó dárí jì í, lẹ́yìn náà ni mo dá nìkan ń ṣe é títí ojú mi fi ní ó tó. Nǹkan ti yí padà. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí máa ń ti fódà yẹn fúnra rẹ̀, òmíràn tilẹ̀ wà tí kò ní í rárá. Àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí sọ fún mi pé wàhálà nìyẹn, pé àwọn mọ bí a ṣe ń ṣí i tipátipá. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọṣẹ́ jù wá lọ. Fọlọ́ náà mọṣẹ́ jù mí lọ. Ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọṣẹ́ yìí, bí ọ̀gá yín bá lekoko, ẹ fara dà á. Mi ò ní ìmọ̀ràn tó jù ú lọ.

Tiransifọ́má Ìpetu dára gan-an. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, iná kì í fẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò yẹn, àwọn ará ibẹ̀ sì ń yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Fọlọ́ ń fi oúnjẹ àti aṣọ ránṣẹ́, ó sì ń gbọ́ ohùn Yèyé lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìjì wó òpó iná lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Ó pè mí láàárọ̀ kùtù, mo gbọ́ ariwo mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni o, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ó ní, "Mùráínà, iná ti lọ ní Ìpetu. Mò ń lọ kí Yèyé mi."